Àbọ̀ Tí A Kò Kà fún Àwọn Ará Tokpota

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ ní kí n wá sọ ti èmi. Ẹ ti gbọ́ pé mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣáájú ìlú ní Àjàṣẹ́ yìí, ẹ sì rò pé ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ kan á ní ohun rere púpọ̀ láti wí. Mo ní díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ rere nìkan, a jẹ́ pé mo tún fi irọ́ kún èyí tí mo ti pa tẹ́lẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ yìí, yóò sì máa tì mí títí n ó fi parí. Ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé Ẹ̀kọ́ Aṣáájú ni a ń pe ibi tí mo ti ṣiṣẹ́. Lọ́dọọdún, a máa ń yan ogún ènìyàn tí wọn kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: olùkọ́, agbẹ̀bí, amòfin, akọ̀wé báńkì, ẹni tó ń yàwòrán ilé. Wọn kì í fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́sàn-án. A máa ń pín wọn sí àdúgbò, kí wọ́n lọ gbọ́ ohun tó ń dun àwọn ènìyàn, kí wọ́n kọ àbọ̀, kí àbọ̀ náà sì dé ọwọ́ àwọn tó lè ṣe nǹkan sí i. Tí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú wọn ti di ẹni ńlá báyìí. Wọ́n máa ń dúró kí mi lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, mo sì máa ń yára dá wọn lóhùn kí n lè kọjá.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ aránṣọ kan ní Dowa. Mo wà nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn. Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án pé, ìyá tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní kí n dúró ti òun. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ti ìjọba. Mo dúró.

Màdáàmù Sàkíná ni ìyá náà. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ Faransé dénú, ṣùgbọ́n tí o bá sọ ọ́ níwájú ẹni tí kò gbọ́ ọ, ó lè lé ọ jáde. Ó kéré ní ìrísí, ìborùn funfun kò sì kúrò lórí rẹ̀. Tó bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ, á fún ojú pọ̀ wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mi ò rí ẹni tó purọ́ fún un tí kò làágùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a bá ogún àga nínú yàrá, a sì jókòó. Ó wọlé, ó ní kí gbogbo wa dìde, kí a kó àga síta. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Amòfin kan wà láàárín wa tó wọ kóòtù tó dára púpọ̀, ó bi í bóyá òun lè wà lóòró.

"Ẹ lè wà lóòró," ni Màdáàmù wí. "Títí di oṣù kẹsàn-án."

Amòfin ká etí kóòtù rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí ẹní.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn kí ọjọ́ mọ́kànlélógún tó pé ní àdúgbò tí wọ́n bá rán an sí. Ìbéèrè ló lè béèrè, etí ló lè dẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ìbáà ṣe Yorùbá, ìbáà ṣe Gun, kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí a ń pè ní kíkà padà. Kí àbọ̀ tó di Faransé, kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa, a gbọ́dọ̀ mú un padà lọ síbi tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀, kí a kà á sókè fún àwọn tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wí," ó lè lọ. Tí wọn kò bá wí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló máa sùn.

Mo ka gbogbo èyí sí àṣejù. Nígbà tí mo mú àbọ̀ mi àkọ́kọ́ wá láti Dowa, mo ti kọ ọ́ dáadáa lójú ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé, "Àwọn ará àdúgbò fẹ́ ẹ̀rọ omi." Màdáàmù fi bíkì pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ Àwọn Ará Àdúgbò?"

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni, Màdáàmù."

"Orúkọ ni mo béèrè. Ṣé o ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ kan rí tí wọ́n sọ ọmọ ní Àwọn Ará Àdúgbò?"

"Rárá, Màdáàmù."

"Lọ wá ẹni tó wí i, kí o sì kà á fún un."

Inú ń bí mi nígbà tí mo ń padà lọ, nítorí ilé wa ni Dowa, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Mo ka ìwé mi fún Ìyá Àgbékẹ́, ìyá àgbà tó ti bá mi sọ̀rọ̀ nípa omi. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ọmọ mi, èmi kò wí pé a fẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ omi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tí mo wí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Tó bá bínú sí ọ, òùngbẹ lo máa gbé sùn."

Mo ti jókòó tì í fún wákàtí méjì lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Etí mi gbọ́ omi, mo sì ti fi ọgbọ́n orí mi parí ìyókù. Ká ní àbọ̀ yẹn lọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ri ẹ̀rọ kejì mọ́lẹ̀, wọn ì bá sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọkùnrin kan náà lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màdáàmù, kò bú mi. Ó ní kí n máa lọ jókòó nídìí ẹ̀rọ náà láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní ọkọ ẹ̀rọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn jẹ́ irú èyí tó ń mú ènìyàn gbọ́n, mo sì ń fi rẹ́rìn-ín títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi fún ọdún mẹ́tàlá. Mo rí i tó mú akọ̀wé báńkì kan padà lọ sí Àjàrá, nítorí pé ọmọkùnrin náà ti ṣèlérí òrùlé ilé ìwé fún wọn. Ó ní kó dìde láàárín àwọn àgbà ibẹ̀, kó wí pé, "Mo ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tèmi." Ọmọkùnrin náà wí i, òógùn bò ó. Àwọn àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní adìyẹ kan. Màdáàmù ní kó dá adìyẹ náà padà.

Ó fẹ́ràn mi, kì í sì í fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fi ilé ẹ̀kọ́ lé mi lọ́wọ́, ohun tó sọ kì í ṣe ìyìn. Ó ní, "Ràfíù, ẹnu rẹ dùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni ó lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kí Ọlọ́run fi àánú gbà á. Mo ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí pé kò sí láyé mọ́, kó má baà rí mi. Ẹ wo irú ọpẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń dá lórí ọ̀gá rẹ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Ìwé ìkọ̀wé tí à ń pè ní kàyé, àti bíkì, la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí lẹ́tà e rẹ̀ kì í hàn. Faransé kò sì lè rìn láìsí e, nítorí náà a máa ń jókòó fi ọwọ́ kọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri dé, kọ̀ǹpútà tí àwa ń pè ní òdínatọ̀ dé, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri náà dé. Ní ìparí, fóònù ló wá gba ilé. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè òkun kó ìbéèrè sínú rẹ̀: o kàn máa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni, ìdáhùn gbogbo àdúgbò á sì di àwòrán aláràbarà lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ń pè mí lọ sí Kútọnu láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn pàtàkì. Èmi náà ra kóòtù.

Fóònù kọ́ ló bà mí jẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí àgbà kan fi irinṣẹ́ bojú fún yín. Èmi ni mo ń gé kíkà padà kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa kà á fún olórí àdúgbò nìkan. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n máa kà á fún un lórí fóònù. Nígbà tó tún yá, a máa ń wí pé a máa kà á.

Ọdún mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí Nímọ́tà dé. Agbẹ̀bí ni, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Tokpota ló ti ń ṣiṣẹ́, Tokpota náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ogún tó wà lọ́dún náà, òun nìkan ló ṣì ń kọ̀wé sínú kàyé, ó ní tí òun bá tẹjú mọ́ fóònù, àwọn obìnrin kì í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn yòókù pé ó yẹ kó ti bá wa wà láyé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àdúgbò rẹ̀ náà la rán an sí. Àgbàrá òjò ń yọ Tokpota lẹ́nu, ìjọba sì fẹ́ la ojú àgbàrá oníbétọ̀n, tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe, gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àtíbàbà kan wà lójú ọ̀nà náà tí obìnrin mẹ́rìnlá ti ń tajà: ẹ̀kọ, èédú, tòmátì, ẹja yíyan. Ìyá Sàrátù ẹlẹ́kọ ni olórí wọn. Iṣẹ́ Nímọ́tà ni láti gbọ́ tẹnu wọn, bóyá wọ́n gbà láti kúrò. Ó jókòó lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, kò sí ẹni tó fi dandan mú un. Ìdáhùn Ìyá Sàrátù wà nínú kàyé rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá náà: "Àwa kò kọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí a máa lọ hàn wá, kí a fi ẹsẹ̀ wa tẹ ibẹ̀, kí a tó kó ẹrù."

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ wa ránṣẹ́ pé àwọn máa dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí a dá, wọ́n sì fẹ́ rí àbọ̀ gbogbo àdúgbò. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò gbà ju ìlà mẹ́fà lọ fún àdúgbò kan. Mo gba kàyé Nímọ́tà, mo jókòó sídìí tábìlì ní búrò mi, mo sọ ọ́ di Faransé fúnra mi. Nígbà tí mo dé ìlà kẹfà, mo kọ ọ́ pé àwọn ará àdúgbò gbà láti kúrò. Mo fi parí rẹ̀.

Nímọ́tà kà á lójú mi. Tọ̀ntọ́n ni gbogbo wọn ń pè mí, bí ẹní ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Faransé.

"Tọ̀ntọ́n, a kò tíì kà á fún wọn."

"Tí àwọn àlejò bá lọ tán, a máa kà á."

"Ọ̀rọ̀ Ìyá Sàrátù kò pé níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n máa lọ hàn wọ́n."

"Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé wọ́n máa fún wọn níbi tí wọ́n máa lọ. Nímọ́tà, láàárín èmi àti ìwọ, ta ló pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ yìí?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Tọ̀ntọ́n. Ẹ má bínú."

Mo na bíkì sí i, mo ní kó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, nítorí òun ni a rán sí Tokpota. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ó fọwọ́ sí i nítorí pé mo dàgbà jù ú lọ, èmi náà sì mọ̀ pé ìdí nìyẹn tó fi máa fọwọ́ sí i.

Àwọn àlejò dé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n mú àbọ̀ náà lọ fún ìjọba. A kò kà á fún ẹnikẹ́ni. Kò pé oṣù méjì tí kátapílà fi dé Tokpota ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ìyá Sàrátù dúró síwájú ẹ̀rọ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ fi ìwé hàn án, ẹni tó sì kà á fún un ní Yorùbá ni ọlọ́kadà kan, zémíjàn tó dúró wòran: "Ìyá, ó wà níbí pé ẹ ti gbà. Orúkọ Nímọ́tà agbẹ̀bí ló wà nísàlẹ̀." Kí oòrùn tó dé àtàrí, ibẹ̀ ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìkòkò ẹ̀kọ mẹ́ta ló fọ́, èédú fọ́nká gbogbo ojú ọ̀nà. Kò sì sí ibì kankan tí ẹnikẹ́ni fi hàn wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, olórí àdúgbò pe ìpàdé sí àgbàlá rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá náà jókòó ní ìlà kan. Nímọ́tà jókòó nílẹ̀ ní tòsí ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún èmi.

Ìyá Sàrátù ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ yìí jókòó lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jẹ ẹ̀kọ wa. A sọ tinú wa fún un. Kí la ṣe fún un tó fi tà wá?"

Olórí àdúgbò yíjú sí mi. Ó ní, "Mùsíọ̀ Ràfíù, ẹ̀yin lẹ ni ilé ẹ̀kọ́. Ta ló kọ ìwé yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbésí ayé iṣẹ́ mi dá dúró sórí ìbéèrè yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìdáhùn rẹ̀. Mo ní, "Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán sí àdúgbò ló ń kọ àbọ̀ àdúgbò náà." Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dán. Kò sí irọ́ níbẹ̀ tí ẹ lè fi ìka tọ́ka sí. Ẹnu mi dùn lóòótọ́.

Nímọ́tà gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó ń dúró de kí n parí ọ̀rọ̀. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó sọ orí kalẹ̀, kò sì tú àṣírí mi láàárín àwọn àgbà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin kan kò yà sí ilé ìgbẹ̀bí Nímọ́tà mọ́ láti apá àtíbàbà. Tó bá kí wọn, wọn kì í dáhùn. Mo gbọ́ pé obìnrin kan tó ń rọbí gun zémíjàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ibòmíràn tó jìnnà, ó sì bímọ sójú ọ̀nà. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi sọ ọ́ ní kíákíá, mo sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìbéèrè, mi ò béèrè orúkọ obìnrin náà, mi ò béèrè bí ọmọ ṣe wà.

Ọjọ́ ìwé ẹ̀rí pé. Nímọ́tà wọ aṣọ tuntun, ó mú ìyá rẹ̀ dání, wọ́n jókòó ní ìlà kejì. Mo pe orúkọ mọ́kàndínlógún. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé ohun tí ìlú ń wí ló fà á, pé tí mo bá pè é, àwọn ènìyàn lè pariwo. Nígbà tí mo pa ìwé dé, ìyá rẹ̀ ṣì ń wo ẹnu mi. Nímọ́tà fà á lọ́wọ́, wọ́n rọra jáde. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun kúrò ní Tokpota, wọ́n sì gbé e lọ sí apá àríwá, ibi tí kò ti gbọ́ èdè wọn.

Mo ṣe ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta sí i. Wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìyàwó mi ló fẹ́ gbé e kọ́, mo ní rárá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Tèmi kò lọ síbì kankan, inú ilé mi ló jókòó sí, tó ń bá mi jẹun.

Tí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó dára ni. Ìlú wa nílò àwọn tó lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ yín, àwa tí a ní àmì ẹ̀yẹ, ẹ máa fi ojú ṣọ́ wa. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi tọ́ yín kò ní kí ẹ fọwọ́ sí irọ́ àgbà. Èmi ni mo fi ìwà náà dẹ pańpẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbọ́ pé Nímọ́tà ti padà wá sí Àjàṣẹ́, pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́nà Àjàrá. Mo gun zémíjàn lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó jáde sí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá àga fún mi, ó gbé omi wá.

"Nímọ́tà, èmi ni mo kọ ìlà yẹn. Èmi náà ni mo jẹ́ kí wọ́n rò pé ìwọ ni."

"Mo mọ̀, Tọ̀ntọ́n. Mo wà níbẹ̀."

"Mo wá tọrọ àforíjì."

"Mo ti forí jì yín tipẹ́, kí n lè rí oorun sùn." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni kò mọ̀. Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. A sin ín ní Tokpota, kò sí ẹyọ ẹnì kan láti àtíbàbà yẹn tó wá kí mi. Ẹ̀yin wá ń sọ ọ́ fún èmi."

Mi ò mu omi náà. Mo dúpẹ́, mo dìde, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lè lọ sí Tokpota. Ìyá Sàrátù ti darúgbó. Iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ta ẹ̀kọ báyìí. Ọ̀sán ni mo débẹ̀, ó ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi adùn kankan sí i. Ó ń pọ́n ẹ̀kọ lọ títí mo fi parí.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ọmọ yẹn kọ́?"

"Òun kọ́. Ó wí fún mi pé ọ̀rọ̀ yín kò pé níbẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo wà nínú ilé yìí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ síbi ìsìnkú. Èmi kò lọ." Ó gbé ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọdún tí wọ́n wó àtíbàbà, Sàrátù ọmọ mi rọbí. Ilé ìgbẹ̀bí Nímọ́tà kò jìnnà sí wa ju ibi igi yẹn lọ. Sàrátù fẹ́ yà síbẹ̀. Èmi ni mo ní kó má yà, mo ní ẹni tó tà wá kò ní í fọwọ́ kan ọmọ ọmọ mi. Mo gbé e sórí zémíjàn. Ojú ọ̀nà ló bímọ sí."

"Ọmọ náà ńkọ́?" Lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè.

"Kò yè."

Mo fẹ́ dìde máa lọ.

"Ti Nímọ́tà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa," ni Ìyá Sàrátù wí. "Èmi àti àwọn tó kù máa lọ bá a. Àwa la máa kúnlẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n Sàrátù gbà pé èmi ni mo pa ọmọ òun. Ojoojúmọ́ ló ń wá wò mí, kì í sì í jẹ oúnjẹ mi, láti ọdún yẹn wá. Ó máa tó dé. Ẹ dúró. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un."

Mo dúró. Ó dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, obìnrin tó sanra díẹ̀, ó gbé àpò ọjà lọ́wọ́. Kò mọ̀ mí rí. Ó rí arúgbó tó jókòó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sọ àpò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ilé ńkọ́? Ṣé ara yín le?" Mo ní kó jọ̀ọ́ kó dìde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kò tọ́ òun pé kí òun máa bá àgbà sọ̀rọ̀ lóòró. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà títí mo fi sọ ọ́ tán.